Ẹ Bi Wá Léèrè: Títa Ọjà Nínú Àwọn Agbo Kéékèèké Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyámoyè, Ìyàrà àti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ní ilẹ̀ Ọ̀kun, Ìpínlẹ̀ Kogí, ń sọ ohun kan náà: owó ìpolówó ń gòkè, ọjà kò yá. A pinnu láti fi gbogbo ojú ìwé wa dáhùn wọn. Ohun tí a ń pè ní agbo níbí ni ibi ìjíròrò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jẹ lógún ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè: àwọn ahunṣọ, àwọn olóyin, àwọn tó ń yan kọfí nílé, àwọn ọmọ ìlú kan tó ti fọ́n káàkiri. Àwọn agbo yìí kì í ṣe ọjà. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ bí ẹni wọ ọjà, wọn á tì í síta. Ẹni tó bá ń dáhùn ìbéèrè dáadáa, àwọn oníbàárà ni yóò máa wá a fúnra wọn. A gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú.

Níbo ni àwọn tí ọjà mi wù wà?

*Olóòtú, ọ̀kun o. Aṣọ híhun ọwọ́ àwọn ìyá wa ní Bùnú àti Ìjùmú ni mò ń tà. Mo ní ìkànnì kékeré kan, ogójì aṣọ ló wà lórí rẹ̀. Mo sanwó ìpolówó fún oṣù méjì. Àwọn tó ń tẹ àwòrán pọ̀, àwọn tó ń rà kò tó nǹkan. Níbo ni mo ti lè rí àwọn tí irú aṣọ yìí wù lóòótọ́? — Aláṣọ, Kàbà*

Ọ̀kun o, ẹ kú òwò. Kí ẹ tó wá agbo kankan, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ irú èèyàn mẹ́rin tó lè ra aṣọ náà, kí ẹ sì kọ ìbéèrè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn máa ń béèrè. Ọmọ Ọ̀kun tó ń gbé ní London tó fẹ́ sin bàbá rẹ̀ ń béèrè aṣọ tó bá àṣà ilé mu, àti iye ọjọ́ tí yóò fi tẹ òun lọ́wọ́. Ahunṣọ ní Amẹ́ríkà ń béèrè bí òfì tí àwọn obìnrin wa ń gbé dúró ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń kó aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà jọ fẹ́ mọ ọjọ́ orí aṣọ, irú òwú àti irú aró. Téélọ̀ ní Abuja fẹ́ mọ bí aṣọ ṣe fẹ̀ tó àti bóyá ó máa ń sún kì lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́. Ẹ ò ní bá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú agbo kan. Ìdí nìyẹn tí ìpolówó kan ṣoṣo fún gbogbo ayé kò fi mú wọn wá.

Wàyí o, ẹ lọ sórí Google. Bí ẹ bá kọ site:nairaland.com "aso oke" Kabba, kìkì ojú ìwé Nairaland, agbo ńlá àwọn ọmọ Nàìjíríà, tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ ni yóò jáde. Àmì " " máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì wà pọ̀ láìyà. Àmì ìyọkúrò (-) níwájú ọ̀rọ̀ kan, láìsí àlàfo láàárín wọn, máa ń yọ ojú ìwé tó ní ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ẹ fi yọ orúkọ àwọn ìsọ̀ ńláńlá tó máa ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí olùrà fúnra rẹ̀ ń lò, kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin ń lò: "handwoven", "vertical loom", "funeral cloth", kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ náà forum kún un. Nairaland, tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005, ní ẹ̀ka fún aṣọ, fún ayẹyẹ, fún àṣà. Ravelry, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ òwú; ọ̀pọ̀ wọn ń fi abẹ́rẹ́ hun, ṣùgbọ́n àwọn ahunṣọ orí òfì náà wà níbẹ̀. Reddit ní agbo fún ahunṣọ, ó sì ní òmíràn fún Nàìjíríà.

Bí ẹ bá rí agbo kan, ẹ má tíì fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ ka ìbéèrè ogún tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Bí èyí tó tuntun jù bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, agbo náà ti kú. Bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bá ní ìdáhùn ọgbọ̀n láàárín wákàtí kan, ohùn yín máa rì sínú ariwo. Ibi tó dára jù lọ ni ibi tí ìbéèrè tuntun ń wọlé lójoojúmọ́, tí àwọn díẹ̀ nínú wọn sì wà láìsí ìdáhùn tó kún. Ìyẹn ni àlàfo tí ẹ̀yin máa dí. Ẹ wá ìlànà agbo, tí wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ òkè pátápátá, kí ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pàápàá ohun tó sọ nípa àwọn oníṣòwò. Agbo méjì tó fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó bá wọ mẹ́wàá kò ní lè dáhùn dáadáa nínú ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí a fi fẹ́ràn agbo tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ju ojú ìwé Facebook lọ. Ohun tí ẹ bá fi sórí Facebook lónìí, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó wà nínú agbo gbangba, Google máa ń kà á, ó sì máa ń gbé e wá fún ẹni tó bá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí i. Ìdáhùn dáadáa kan lè máa mú èèyàn wá fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹ san kọ́bọ̀ lé e.

Kí ni ẹ máa wí fún wọn? Ohun tí àwọn mìíràn kò mọ̀. Lórí òfì tí a gbé dúró, òwú òòró máa ń yí po láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìjá, nítorí náà gígùn aṣọ sún mọ́ ìlọ́po méjì gíga òfì. Ahunṣọ òkè òkun tó ń lo òfì onípátákó ẹsẹ̀ máa fẹ́ rí èyí ní àwòrán ìpele-ìpele. Ẹ ka òwú òòró tó wà nínú íǹṣì kan níbi mẹ́ta lára aṣọ, kí ẹ kọ iye rẹ̀. Ẹ wọn fífẹ̀, gígùn àti ìwúwo ní gíráàmù. Ẹ ya òwú kan, kí ẹ fi iná sí i: òwú gidi máa jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì fúyẹ́, pọ́líẹ́sítà máa yọ́, á sì di kókó líle. Rayon, òwú tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́, náà ń jó bí òwú gidi, nítorí náà iná nìkan kò tó láti fi búra pé òwú gidi ni. Ẹ sọ ìyẹn pẹ̀lú. Ẹ̀rí irú èyí ló ń mú kí wọ́n gbà yín gbọ́.

Ẹ ṣọ́ra lórí aṣọ ipò. Aṣọ pupa tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn àgbà ní Bùnú ni, òwú pupa tí wọ́n tú lára aṣọ òyìnbó onírun àgùntàn ni wọ́n sì ń lò nínú rẹ̀ nígbà àtijọ́. Bí ẹ bá fi orúkọ náà pe aṣọ pupa kan ṣáá torí kó lè tà, àwọn tó ń kó aṣọ jọ máa rí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ síta. Yàtọ̀ sí ọjà tó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ìsìnkú àwọn àgbà wa kì í ṣe ohun tí a ń fi tàn èèyàn jẹ.

Àwòrán: ẹ dín in kù sí nǹkan bí 1,200 píksẹ́lì ní fífẹ̀, kó má ju 200 KB lọ. Agbo púpọ̀ kì í gba èyí tó tóbi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa náà kò sì lè gbé e. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú fóònù kí ẹ tó wọ agbo. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ gígùn tán, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Wọ́n lé mi lọ́jọ́ tí mo wọlé

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Oyin ni mò ń tà. Mo wọ agbo kan tó jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀ àti olóyin, mo kí wọn, mo fi líǹkì ìsọ̀ mi àti nọ́ńbà fóònù síbẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi tì mí pa. Mo ṣí àkáǹtì mìíràn, wọ́n tún tì í. Kí ni mo ṣe? — Olóyin, Ìsánlú*

Kì í ṣe èèyàn ló kọ́kọ́ lé yín, ẹ̀rọ ni. Àwọn agbo máa ń ní asẹ́ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó jáde. Ohun tó máa ń mú inú asẹ́ náà bí ni: àkáǹtì tí kò tíì pé ọjọ́ kan, líǹkì nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, nọ́ńbà fóònù, líǹkì tí a gé kúrú bíi bit.ly tó ń fi ibi tó ń lọ pamọ́, àti ọ̀rọ̀ kan náà tí a lẹ̀ mọ́ ibi mẹ́ta. Ẹ̀yin ti ṣe mẹ́ta nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àkáǹtì kejì ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí agbo ń rí fóònù àti ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kan náà, ó sì gbà pé ẹ fẹ́ yẹ ìjìyà sílẹ̀.

Ẹ má ṣí ẹ̀kẹta. Ẹ kọ lẹ́tà sí alábòójútó, ìlà mẹ́rin péré: orúkọ àkáǹtì àkọ́kọ́, ohun tí ẹ ṣe, pé ẹ ti ka ìlànà, pé ẹ fẹ́ máa dáhùn ìbéèrè nípa oyin láìfi líǹkì sí i. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá dáhùn, ẹ wá agbo mìíràn.

Bí ẹ bá wọlé padà, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò ní líǹkì kankan, kò ní nọ́ńbà, kò ní "ẹ wá sí inbox". Ẹ dáhùn ìbéèrè kan tàbí méjì lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ kọ iṣẹ́ yín sí ojú ìwé àkáǹtì yín: "Mò ń fa oyin, mo sì ń tà á, ní Yàgbà." Ẹni tó bá fẹ́ràn ìdáhùn yín máa tẹ orúkọ yín láti mọ ẹni tí ẹ jẹ́, ibẹ̀ ló ti máa rí ìsọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bí agbo bá ní ẹ̀ka fún àwọn oníṣòwò, ẹ fi ọjà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Reddit ní ìlànà kan nígbà kan rí pé, nínú ohun mẹ́wàá tí èèyàn bá fi síta, ọ̀kan ṣoṣo ló lè jẹ́ ti ọjà ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ alábòójútó ṣì ń fi ìlànà yìí wọn èèyàn, ó sì dára kí ẹ̀yin náà máa fi wọn ara yín.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń tan àwọn oníṣòwò jẹ sí: pé bí a bá da líǹkì sínú ọ̀pọ̀ agbo, Google máa gbé ìsọ̀ wa gòkè. Láti 2005 ni Google ti dá àmì nofollow sílẹ̀, tó ń sọ pé kí wọ́n má ka líǹkì bẹ́ẹ̀ sí ìjẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ agbo sì ń lò ó lára gbogbo líǹkì tí àwọn ọmọ agbo bá lẹ̀. Iṣẹ́ asán ni.

Irú ìdáhùn tí a ń sọ nìyí. Ẹnì kan béèrè pé oyin òun dì nígbà ọyẹ́, ṣé ṣúgà ni wọ́n pò mọ́ ọn? Ìdáhùn ọ̀lẹ ni: "Rárá, oyin gidi máa ń dì." Ìdáhùn tó ń ta ọjà nìyí: Oyin gidi ń dì nítorí ṣúgà glucose inú rẹ̀, ó máa ń yára jù nígbà tí ibi tó wà bá tutù tó nǹkan bí 14°C, bí òru ọyẹ́. Gbé ìgò náà sínú omi tí kò ju 40°C lọ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí o máa rò ó. Má sè é, ooru ń ba òórùn àti adùn rẹ̀ jẹ́. Fífi ìṣáná dán an wò, sísọ ọ́ sínú omi, fífi í sílẹ̀ fún èèrà: ìkankan nínú wọn kò fi hàn pé oyin jẹ́ gidi, nítorí oyin tí a pò pẹ̀lú ṣúgà lè yege nínú gbogbo wọn. Omi inú oyin ló ṣe pàtàkì. Òdiwọ̀n àgbáyé ni pé kó má ju 20 nínú 100 lọ, bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ó lè kan. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní refractometer ló ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá, nítorí kòkòrò àrùn tó lè wà nínú rẹ̀ tó ń ba iṣan ọmọ jẹ́.

Kò sí orúkọ ìsọ̀ nínú ìdáhùn yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kà á máa fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́. Kí ẹ rántí pé oyin tí a dì sínú ìgò tí a sì lẹ orúkọ mọ́ gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC. Ìbéèrè yìí máa jáde nínú agbo, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ agbo tó mú oníbàárà wá?

*Èlùbọ́ ni mò ń tà, ike kílò márùn-ún. Mo wà nínú agbo méjì, mo sì ń lo WhatsApp. Ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń wá. — Ẹlẹ́lùbọ́, Mọ̀pà*

Ẹ fún agbo kọ̀ọ̀kan ní líǹkì tirẹ̀. WhatsApp máa ń gba líǹkì báyìí: wa.me/ tẹ̀ lé 234 àti nọ́ńbà yín láìsí òdo iwájú, kí ẹ wá fi ?text= àti ọ̀rọ̀ kan sí i, bíi Mo%20wa%20lati%20agbo%20onjẹ. %20 ló dúró fún àlàfo. Bí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti wà lójú ìwé tó máa fi ránṣẹ́, ẹ̀yin á sì mọ ibi tó ti wá kó tó sọ nǹkan kan. Fún ìkànnì, ẹ fi ?utm_source= orúkọ agbo àti &utm_medium=forum sẹ́yìn líǹkì; Google Analytics, ẹ̀rọ Google tó ń ka àwọn tó wọ ìkànnì, máa kà wọ́n. Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo: Nairaland àti nairaland, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú ẹ̀rọ náà, iye yín á sì pín sí méjì.

Líǹkì nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa rí orúkọ yín nínú agbo, wọn á lọ wá a lórí Google lọ́jọ́ kejì, líǹkì yín kò sì ní mọ̀. Nítorí náà ẹ fi ìbéèrè kan sínú fọ́ọ̀mù ìbéèrè ọjà: "Níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?" Ẹ fún agbo kọ̀ọ̀kan ní kóòdù ẹ̀dínwó tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wá ṣírò. Ká sọ pé ẹ ń lo wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀ nínú agbo kan, ẹ sì ka wákàtí yín sí ₦1,000. Oṣù kan jẹ́ ₦24,000. Dátà ₦2,500. Ẹ̀dínwó ₦500 fún oníbàárà tuntun mẹ́wàá jẹ́ ₦5,000. Àpapọ̀ ₦31,500, oníbàárà kan jẹ́ ₦3,150. Bí èrè orí ike kan bá jẹ́ ₦1,200, ẹni náà gbọ́dọ̀ rà lẹ́ẹ̀mẹta kí owó tó padà. Èlùbọ́ jẹ́ ohun tí èèyàn ń tún rà, nítorí náà ìṣírò yìí lè dúró. Bí ó bá jẹ́ ohun tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan láyé, kò ní dúró. Ọ̀pọ̀ ni kì í ka àkókò wọn sí owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á. Ẹ ṣe ìṣírò náà ní oṣù kẹta, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí ìdáhùn àtijọ́ máa ń pẹ́ kó tó so èso.

Ṣé kí n sanwó fún àwọn tó máa yìn mí?

*Ọmọkùnrin kan ní òun máa fi àkáǹtì ogún yìn ọjà mi nínú agbo, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣé kí n gbà? — Ẹ̀gbẹ̀*

Ẹ má gbà. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, kò fàyè gba kí oníṣòwò máa fi ọ̀rọ̀ èké ta ọjà. Ó sì rọrùn láti mọ̀: àkáǹtì ogún tí wọ́n ṣí lóṣù kan náà, tí wọn kò sọ nǹkan mìíràn rí, tí gbogbo wọn ń yin ìsọ̀ kan. Bí wọ́n bá tú u, ọ̀rọ̀ náà máa wà lórí Google pẹ̀lú orúkọ ìsọ̀ yín. Ẹni tó ti rà lọ́wọ́ yín tó sì tẹ́ lọ́rùn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ ohun tó rí, tó dùn àti tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ má fún un lówó fún un.

Fífi kọfí ránṣẹ́ fún àwọn ọmọ agbo láti tọ́ wò

*Kọfí robusta ni ti wa, a ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìyámoyè. Mo rí agbo àwọn tó ń yan kọfí nílé ara wọn. Mo fẹ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Báwo ni kí n ṣe é tí kò fi ní já sí òfo? — Oníkọfí, Ìyámoyè*

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ wa, torí ọjà yín àti agbo yín bá ara wọn mu gan-an. Àwọn tó ń yan kọfí nílé ń wá kọfí tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, inú wọn sì máa ń dùn láti gbọ́ orúkọ ìlú tí wọn kò gbọ́ rí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń rò. Arabica, oríṣi kọfí kejì, ni púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn, wọ́n sì ti gbọ́ pé robusta korò. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ sọ ohun tó jẹ́ òótọ́: kaféìnì inú robusta tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti arabica, ó sì ń fún espresso, kọfí líle tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fún, ní fóòmù tó nípọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ ọn. Ẹ wá béèrè pé ta ló fẹ́ dán an wò nínú àdàpọ̀.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ gba àṣẹ alábòójútó, kí ẹ kéde rẹ̀ ní gbangba: èèyàn mẹ́wàá, àkáǹtì wọn gbọ́dọ̀ ti lé ní ọdún kan nínú agbo. Ìlànà yìí ló ń yọ àwọn tó kàn ń kiri ohun ọ̀fẹ́ kúrò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gíráàmù 250. Èèyàn máa ń ba ìyan àkọ́kọ́ jẹ́, ó yẹ kó ní èkejì. Kílò méjì àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣà á dáadáa: ẹ yọ èyí tó dúdú, èyí tó fọ́, èyí tí kòkòrò lu, òkúta. Òkúta kan ṣoṣo lè ba ẹ̀rọ ìlọ̀ ẹni jẹ́, ẹni náà kò sì ní gbàgbé yín. Omi inú rẹ̀ kó wà láàárín 10 sí 12 nínú 100. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ó máa bu lọ́nà, bí ó bá kéré jù ó máa jóná láìtètè hàn.

Ẹ kọ ìwé kékeré kan sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan: robusta, ibi tó ti wá, ọdún ìkórè, pé oòrùn ni a fi sá a pẹ̀lú èèpo tàbí pé a fọ̀ ọ́. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ má kọ ọ́. Lórí ìwé náà, ẹ má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yìn yín. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi yan án, òórùn tí wọ́n gbọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ tún ṣe. Bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá bá sọ pé ó ń rùn bí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń sá a ni, ẹ gbé e kúrò ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sórí pẹpẹ. Ẹ dáhùn ní gbangba pé ẹ ti gbé e. Irú ìdáhùn yẹn ló ń sọ ọmọ agbo di oníbàárà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà ní Lagos àti Abuja. Wébíìlì láti gáréèjì rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ ya àwòrán ọ̀rá náà àti ọkọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà awakọ̀ àti ti ẹni tó máa gbà á sí ara rẹ̀, ọ̀rá méjì ni kí ẹ fi dì í torí òjò. Fún òkè òkun, kọfí tí a kò tíì yan ń gba ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, orílẹ̀-èdè tó ń lọ náà sì ní òfin tirẹ̀. Ẹ má fi í pamọ́ sínú ẹrù aṣọ ẹnikẹ́ni tó ń rìnrìn àjò. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ẹni náà ló sì máa jìyà rẹ̀.

WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ńkọ́?

*Mo wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa àti ti àwọn tí a jọ jáde ilé-ìwé. Mo kó nọ́ńbà gbogbo wọn sínú ẹgbẹ́ tuntun fún ọjà mi, àwọn àgbà bínú. — Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀*

Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Nọ́ńbà tí wọ́n fi sínú ẹgbẹ́ ìlú, ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n fi í sí fún. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 náà béèrè pé kí ẹni tó ni nǹkan mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Bí èèyàn púpọ̀ bá sì fi yín sùn, WhatsApp lè ti nọ́ńbà yín pa, gbogbo oníbàárà yín á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ tú ẹgbẹ́ tuntun náà ká, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà ní ẹgbẹ́ ìlú, ẹ wá bẹ alága pé kó fún gbogbo oníṣòwò ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bí ọjọ́ ọjà. Ẹgbẹ́ WhatsApp kan kò lè gbà ju 1,024 lọ. Àtẹ̀ránṣẹ́ tó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ju 256 lọ, kìkì àwọn tó ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù wọn ni yóò sì rí i. Nítorí náà ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n fi nọ́ńbà yín pamọ́.

Ẹnì kan sọ̀rọ̀ burúkú nípa ọjà mi

*Aṣọ tó pupa lójú àwòrán, ó ní ó dé ọ̀dọ̀ òun ní àwọ̀ ọsàn. Gbogbo agbo ló ń kà á. — Ìyàrà*

Ẹ dáhùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà, kó má ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ, ìlà márùn-ún: ẹ pẹ̀lẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ máa ṣe, ọjọ́ tí ẹ máa ṣe é, ọ̀nà tó máa gbà bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ tàbí nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má bẹ alábòójútó pé kó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ dá owó padà tàbí kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́, kí ẹ sì padà wá kọ pé ó ti rí i gbà. Ní ti àwọ̀: iná bọ́ọ̀bù ofeefee ló sábà máa ń yí pupa padà nínú àwòrán. Ẹ máa ya àwòrán níta lábẹ́ ibòji, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀, kí bébà funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Bí bébà náà bá funfun lójú fóònù, àwọ̀ aṣọ náà tọ́.